Ọjọ́ Tí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Dádì Fò

Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dé bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ju bàbá mi lọ. Dádì kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ju bọ́nẹ́ẹ̀tì òun sílẹ̀. Ó máa ń rọra gbé e wálẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ ìkókó sórí bẹ́ẹ̀dì, á wá gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, á tẹ̀ ẹ́ títí á fi dún kẹ̀. Mẹkáníìkì kan jù ú sílẹ̀ lójú wa nígbà kan, ojú ẹsẹ̀ ni Dádì lé e lọ, ọ́ìlì ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Mọ́tò kì í ṣe ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù," ohun tó máa ń wí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí mo sì fi ń yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi.

Mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí Dádì ra mọ́tò náà. Tòkunbọ̀ ni, pupa ni, àmọ́ oòrùn Bàrígà ti lu àwọ̀ náà títí ó fi dà bí obì tó ti wà nínú àwo láti àná. Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní kí Dádì dín ọkọ̀ wíwà kù nítorí ojú rẹ̀. Ó rò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó wá pè mí, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń fi ọmọ fọ́kọ. "Kọ́kọ́rọ́ mi nìyí," ó ní. "Lọ́jọ́ tí ohunkóhun bá ha mọ́tò yìí lọ́wọ́ ẹ, mo máa tà á." Mo mọ̀ pé kò ṣeré. Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, tí mo ti fi ọ̀kadà gbé ìwé oníwèé nínú òjò fún ọdún mẹ́jọ, mo di kọ́kọ́rọ́ yẹn mú bí ẹ̀mí mi.

Ọjọ́bọ̀ kan ni. Dádì ti lọ sí Ìjẹ̀bú fún ìpàdé ẹbí, ọjọ́ Àìkú ni yóò dé. Mo ní páálí ìwé àwọn ọmọ iléèwé kan láti gbé lọ sí Yábàá. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wo omi, mo gbé e wálẹ̀ jẹ́jẹ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ó dún kẹ̀. Ó kéré tán, mo rò pé ó dún.

Nígbà tí mo bọ́ sí títì ní Onípanu, ọ̀nà ò dí rárá, ó yà mí lẹ́nu. Inú mi dùn, mo ń kọrin, mo tẹ iná mọ́tò dáadáa. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, mo ní atẹ́gùn ni. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbàgà! Ojú ọ̀nà bá pòórá. Inú bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni mò ń rí, pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀, ó sì ti lu orí mọ́tò lókè bí ẹni gbá ìlẹ̀kùn mọ́ mi lójú.

Mi ò lè purọ́, mo lọgun. Àlàfo kékeré kan wà nísàlẹ̀, kò fẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ. Mo tẹ̀ ba títí àgbọ̀n mi fi kan ọwọ́ tí mo fi ń wa ọkọ̀, mo ń fi àlàfo yẹn wo táyà ọkọ̀ tó wà níwájú. Mo tan iná ìkìlọ̀, mo rọra ń fà sí apá ọ̀tún. Fèrè ń dún lẹ́yìn mi lóríṣiríṣi. Nígbà tí mo máa dúró, mo ti dé Fádèyí, iwájú ọkùnrin kan tó ń ta bàtà.

"Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ná," ó ní. "Ẹ kú orí ire o. You try gan-an."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ lórí rẹ̀ ni. Ìgbà tí mo wá wo bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ó ti ká láàárín, orí mọ́tò ti tẹ̀ wọnú díẹ̀, Ọlọ́run ló yọ gíláàsì iwájú. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn kì í ṣe pé mo yè. Ọjọ́ Àìkú ló sọ sí mi lọ́kàn.

Oníbàtà ò ní okùn kankan tó ju okùn bàtà lọ. Ó mú ìdì kan jáde nínú ọjà rẹ̀, ó hun wọ́n pọ̀ ní mẹ́ta mẹ́ta, funfun, dúdú, àti àwọ̀ ewé, ó fi de bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ iwájú ọkọ̀. Mo fi ìwé àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí Yábàá nínú táksí. Mo wá yí padà sí Bàrígà pẹ̀lú mọ́tò tó wọ okùn bàtà bí ẹni ń lọ síléèwé.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ló júwe bàbá Ìlàjẹ kan fún mi ní Ládi-Lak, abẹ́ igi fúrútù ló ti ń lu ara mọ́tò. Ẹni àádọ́rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ó kọ́kọ́ tú gbogbo okùn bàtà náà níkọ̀ọ̀kan, ó ká wọn jọ, ó kó wọn fún mi.

"Ta ló dé bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí?" ó bi mí.

"Èmi ni, Bàbá."

"Báwo lo ṣe dé e?"

Mo fi hàn án pẹ̀lú ìgbéraga, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, jẹ́jẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ohun tó jẹ́ kó fò gan-an nìyẹn. Wàá jù ú sílẹ̀ ni, láti ibi gíga báyìí. Ìwúwo rẹ̀ ló máa gbé e wọnú ìkọ́. Tó o bá ń tẹ̀ ẹ́, ó lè má wọlé. Ìkọ́ kejì tó yẹ kó gbà á dúró sì ti dípẹtà."

Inú bí mi. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀," mo ní, "ó sì ti wa mọ́tò fún ọgbọ̀n ọdún."

"Bàbá ẹ máa ní ìdí," ó ní. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi egungun ìka kan bọ́nẹ́ẹ̀tì láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Kon, kon, kon. Nígbà tó dé apá ọ̀tún, ó dún pù. Ó tún un kàn. Pù. Ó ní bàbá òun máa ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe létí ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kan pákó láti mọ ibi tó ti jẹrà. Ó mú irin pẹlẹbẹ kan, ó kì í bọ ibẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ lára mọ́tò, tó nípọn tó ìka mi, já bọ́ sílẹ̀.

"Bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí ti fò rí," ó ní. "Ẹni tó ṣe é kánjú. Kò tiẹ̀ fá ara irin kó tó lẹ pọ́tì mọ́ ọn. Ẹni tó bá ju èyí sílẹ̀, pọ́tì á sán. Ìyẹn ni bàbá ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú wóró pọ́tì náà. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ ìyeyè. Mo yí i sí oòrùn. Ìdajì sítíkà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn sítíkà yẹn. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo gba ipò kìíní nínú eré sísá níléèwé wa, fún àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Sítíkà ni wọ́n fún mi. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Dádì, apá ọ̀tún, kí gbogbo Bàrígà lè rí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò rí i mọ́. Mo bi Dádì. "Òjò ló bó o," ó ní. Mo sunkún ọjọ́ méjì. Mo bú òjò. Mo ṣépè fún òjò. Òjò tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ṣàlàyé fún Bàbá, òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí táyà.

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún," ó ní.

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá," mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo fi bébà wé wóró pọ́tì náà, mo kì í sínú báàgì mi. Tí Dádì bá dárúkọ títa mọ́tò, ohun tí mo máa fi pa á lẹ́nu mọ́ ti wà lọ́wọ́ mi. Ara mi ń yá gágá bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe Mọ́mì, mo ní mọ́tò máa wà lọ́dọ̀ mi títí di ọjọ́ Àìkú nítorí iṣẹ́ pọ̀. "Ó dáa," Mọ́mì ní. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mi ò ríṣẹ́ ṣe. Abẹ́ igi fúrútù ni mo jókòó sí. Bàbá yọ gbogbo pọ́tì kúrò, ó gbé irin ńlá sí abẹ́, ó ń fi òòlù kékeré lù ú lókè, kì í lù ú kíkan, ó kàn ń lù ú lemọ́lemọ́ ni. Ibi tí irin bá ti wú, á fi iná gbóná rẹ̀, á fi aṣọ tútù gbá a, ṣàà, irin á sì súnkì. Lẹ́yìn náà, á di ojú, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara rẹ̀ lọ gbá a bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n lu ẹyọ kan. Ó jẹ́ kí n lù ú. Ó gba òòlù padà, ó sì fi bí ìdajì wákàtí tún ibi tí mo lù ṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n ti gbé orí mọ́tò náà bọ̀ sípò, ìkọ́ méjèèjì sì jẹ́ tuntun.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni wàhálà ọ̀dà dé. Ẹni tó máa kun mọ́tò po pupa tó wà nínú ìwé àwọ̀ wọn. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ọkọ̀, ó ń tàn yanranyanran. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú kan péré máa mọ̀.

"Ẹ fi dúdú díẹ̀ sí i," mo ní. "Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìyeyè tó tó ẹnu abẹ́rẹ́."

"Àǹtí, ìwé lẹ̀ ń tẹ̀, ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ fún wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí lára. Mo ti ń po yíǹkì láti ìgbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n ọ̀gbẹ́ni yìí. Mo gba igi lọ́wọ́ rẹ̀, mo pò ó, mo fi ìka kán an sórí bébà, mo sá a sóòrùn, mo gbé e lé ara ọkọ̀. Ó ti pọ́n jù. Mo tún un pò. Ó ti dúdú jù. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ku díẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo gbé bébà lé ara ọkọ̀, ẹ̀kán ọ̀dà náà sì sọnù sínú àwọ̀ mọ́tò, mi ò mọ ibi tó parí sí mọ́. Mo fò sókè. Ọ̀gbẹ́ni wò ó títí, ó ní, "Àǹtí, ẹ wá bá wa ṣiṣẹ́." Bàbá Ìlàjẹ ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Mo ti gbé mọ́tò padà sílé wọn kí Dádì tó dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Kò tíì wọlé tó ti ń yí mọ́tò po. Mo dúró ti ògiri, báàgì mi wà láyà mi. Ó fi ọwọ́ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí i, ó wo omi, ó wo ọ́ìlì. Ó rọra ń gbé e bọ̀ wálẹ̀, ó ti na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là.

"Ẹ jù ú sílẹ̀, Dádì. Kò ní sán."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Ó wò mí. Mo ti fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́. Dádì fi egungun ìka kan apá ọ̀tún bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kon. Ó tún un kàn, kon. Ó wá yọwọ́ kúrò, ó jẹ́ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì já bọ́. Gbàà! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ìró yẹn nílé wa.

Mọ́mì yọrí lójú fèrèsé òkè. "Wọ́n ti yọ pọ́tì yẹn nìyẹn. Ó mà pẹ́ o."

"Pọ́tì wo?" Dádì bi í.

"Èyí tẹ́ ẹ lọ lẹ̀ ní Múṣin lọ́jọ́sí, tẹ́ ẹ wá ní òjò bó sítíkà ọmọ." Ó pa fèrèsé dé.

Gbogbo ohun tí mo ti múra láti sọ ti wà létè mi, àmọ́ kò wù mí láti fi pa á lẹ́nu mọ́ mọ́. Mo kàn tú bébà nínú báàgì, mo gbé wóró pọ́tì náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó fi àtàǹpàkò ra ìyeyè náà.

"Òjò kọ́," ó ní.

Ó kì í sí àpò àyà rẹ̀. "Báwo ló ṣe fò lọ́wọ́ ẹ?"

"Mo rọra tẹ̀ ẹ́ ni, bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi."

Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo èmi láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tó ṣèṣe. Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i kó má bàa di pé òun ló bèèrè. Ó fi ọwọ́ tì í padà.

"Kọ́kọ́rọ́ ẹ nìyẹn," ó ní. "Máa jù ú sílẹ̀."