Bí Mo Ṣe Fi Òfin Ìwé Ya Fọ́tò Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń wọ yúnífọ́ọ̀mù kiri Ẹ̀gbẹ́dá, bàbá mi ra kámẹ́rà àlòkù kan ní Ìkòtún. Ẹni tó tà á fi ìwé kan lé wọn lọ́wọ́, ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ya fọ́tò tó gún régé. Bàbá mi ò ní sùúrù ìwé kíkà. Wọ́n ní ẹni tó bá lè kà á tán ni kó máa ya fọ́tò nílé wa, pé ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ni mo kà á tán.

Òfin pọ̀ nínú ìwé náà. Ó ní ká fọkàn pín ojú fọ́tò sí mẹ́ta ní ìbú, sí mẹ́ta ní òòró. Ká má gbé èèyàn sí àárín gbùngbùn, ẹ̀gbẹ́ kan ni ká gbé e sí, ká fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní ká sún mọ́ ẹni tí à ń yà, ká sì gé ohun tí kò wúlò kúrò. Mo gbà á gbọ́ bí ẹni ń ka Bíbélì. Bí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun bá ń kọjá lọ́jọ́ Ìsinmi, màá di ojú kan, màá fi ìka ṣe igun mẹ́rin, màá máa tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ará ilé ní orí mi ti fẹ́ dàrú.

Ọdún yẹn ni ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, wá kí wa láti ìlú. Wọn ò ya fọ́tò rí láyé wọn. Ẹbí bàbá mi ló kún ògiri pálọ̀ wa, kò sí ẹbí màmá mi kankan níbẹ̀, ó sì ń dun màmá mi gan-an. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o mọ̀wé, bá mi ya ìyá mi dáadáa o."

Mo yà wọ́n bí ìwé ti wí. Mo gbé wọn sí ẹ̀bá fèrèsé, wọ́n kọjú sí ìmọ́lẹ̀, mo sún mọ́ wọn. Nígbà tí fọ́tò dé láti Dópẹ́mú, níbi tí wọ́n ti ń bá wa fọ fíìmù, ṣe ni mò ń jó. Màmá mi wò ó, ojú wọn fà ro.

"Ẹsẹ̀ ìyá mi dà? Ta lo gé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn?"

Ẹ ò lè mọ̀, ẹ̀yin ọmọ òde òní. Nígbà yẹn, bí ìjà bá dé láàrin tọkọtaya, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé ẹnì kejì kúrò nínú fọ́tò. Fọ́tò tó bá ṣófo lápá kan, ìjà ni àlejò máa kà sí i. Àgbàlagbà sì gbọ́dọ̀ jókòó sáàárín, kó gbọ́wọ́ lé orúnkún, kí bàtà rẹ̀ hàn. Màmá mi ní àwọn ò lè gbé ìyá àwọn kọ́ bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé. Wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún, torí ọjọ́ kejì ni ìyá àgbà ń padà sílé.

Ìyá àgbà gba fọ́tò náà, wọ́n wò ó títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àyè ṣáà ti wà níbẹ̀. Wá jókòó tì mí jàre, kí ìyá rẹ ya àwa méjèèjì."

Màmá mi tí kò di kámẹ́rà mú rí! A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn màmá mi, wọ́n ń pariwo, "Ṣé ibí ni mo máa tẹ̀ ni àbí? Ẹ má mira o!" Ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín. Fọ́tò náà wọ́. Ó gé ìdajì orí mi, ṣùgbọ́n bàtà ìyá àgbà hàn gbangba. Òjìji màmá mi pẹ̀lú gèlè orí wọn nà gbọọrọ wọnú fọ́tò, ó dé orúnkún wa. Kò sí òfin ìwé tí wọn ò rú. Òun ni wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀, tí wọ́n fi ń yangàn fún gbogbo àlejò.

Ayé ti yí padà. Fóònù ló ń fa ìlà tó ń pín ojú fọ́tò fún yín báyìí, ẹ ò ka ìwé kankan, ẹ sì ń ya fọ́tò tó dára ju tèmi lọ. Inú mi ń dùn sí i, n ò ní purọ́. Ìyá àgbà ti lọ, màmá mi náà ti lọ, fọ́tò náà wà lọ́dọ̀ mi. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi yà á sórí fóònù tirẹ̀, ó ní, "Màmá, òjìji kan ba fọ́tò yìí jẹ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín nù ún kúrò."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Má dán an wò. Ìyá mi nìyẹn."