Nígbà Tí Wọ́n Gbà Mí Sínú Àáró ní Ìdó-Ilé

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ní ilẹ̀ Dàhòmì bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà náà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi ni mo ti dàgbà, n kò sì mọ nǹkan kan nípa oko ju pé ibẹ̀ ni iṣu ti ń wá. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan wà ní ìlú wa tó máa ń rán àwọn bíi tèmi lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n lọ bá àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìlú láìgba owó. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira, wọ́n ní kí èmi máa lọ sí Ìdó-Ilé ní ilẹ̀ Èkìtì, nítorí pé mo gbọ́ Yorùbá. Wọn ò sọ fún mi pé Yorùbá ju oríṣi kan lọ.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó padà wá sílé láti máa gbádùn, ló kọ̀wé pè wá. Ó fẹ́ ilé kan tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú á máa péjọ sí nírọ̀lẹ́, kí wọ́n máa kàwé, kí wọ́n máa ta ayò, kí káfíńtà ará Ìkìrun tó ń gbé láàárín wọn sì máa kọ́ àwọn tó bá wù níṣẹ́. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní ìdálẹ̀ ti fi páànù ránṣẹ́, ó wà ní yàrá Tíṣà. Amọ̀ ló kù, àti ọwọ́ tí yóò mọ ọ́n. A ní láti mọ ọ́n tán kí a sì kan páànù lé e lórí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ògiri amọ̀ tí òjò bá bá láìní òrùlé, ẹrẹ̀ ló ń padà dà. Tíṣà sọ fún mi pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, àti pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún bá òun dá a láṣà ní ìlú náà mọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èrò pọ̀ débi pé àwọn kan ń dúró de ẹni tí yóò fún wọn ní ọkọ́. Àwọn ọkùnrin ń tẹ amọ̀, wọ́n ń kọrin, àwọn ọmọbìnrin ń pọn omi láti odò, ògiri sì ń yọ. Inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, mo gun orí òkúta kan, mo sì sọ òfin ẹgbẹ́ wa fún wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi: pé iṣẹ́ ìfẹ́ ìlú ni, pé olúkúlùkù ni yóò máa wá oúnjẹ ara rẹ̀. Wọ́n wò mí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo mú búrẹ́dì mi jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dín kù. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, èmi àti olórí àwọn ọ̀dọ́ ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké tí kò ní ibi tí wọ́n ń lọ. Olórí yìí jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó ti níyàwó, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní wọ́n lọ sóko ni. Inú bí mi. Èmi náà kì í ṣe ẹni tó ń pa ìbínú mọ́ra. Ní ọjọ́ ìsinmi, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì bá wọn wí pé ìlú tí ọ̀dọ́ rẹ̀ bá ya ọ̀lẹ, ẹ̀yìn ló máa wà. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi, wọ́n kí mi kú ọ̀rọ̀, wọ́n lọ sílé. Ògiri wa kò ga ju ìbàdí lọ, ojú ọ̀run ní ìhà Òkèmẹ̀sí sì ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Opó àgbàlagbà kan ni mo wọ̀ sí lọ́dọ̀, Ìyá ni mò ń pè é. Nígbà tó gbọ́ ìwàásù mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ṣé mo lè pe ènìyàn sí iṣẹ́ kí n má fún wọn lóúnjẹ. Mo gbà pé mo ṣe àṣìṣe. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e mo ra gàrí, mo ra ẹ̀pà àti ṣúgà, mo ránṣẹ́ pe gbogbo wọn. Wọ́n wá. Wọ́n mu gàrí náà, wọ́n dúpẹ́, wọ́n jókòó. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń retí oúnjẹ.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Èkìtì ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Gbogbo Yorùbá ló ń sọ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Àwa tó kù ń fi ṣàwàdà ni, àwọn Èkìtì gbà á gbọ́. Ẹni tó jẹ gbogbo nǹkan tó wà láyé láìjẹ iyán, kò tíì jẹun. Mo padà sílé, mo bá Ìyá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí, mo sì sọ fún un pé n kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe, pé òjò ń bọ̀, pé ilé náà yóò wó. Kò wò mí lójú.

“Ùwọ pe ọ̀wẹ̀,” ó ní, “ùwọ éè ní uṣu. Ẹni éè ní uṣu, àáró ni í wọ̀. Gbé ọkọ́, kó o rè oko wọn.”

Ó wá là á yé mi pé n kò ní iṣu tí mo lè fi pe ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni ti ẹni tí abà rẹ̀ kún, tó lè pe gbogbo ìlú kó sì gún iyán fún wọn. Àáró ni ti àwọn ọ̀dọ́: lónìí a ṣe ti lágbájá, lọ́la a ṣe ti tàmẹ̀dù, títí yóò fi kárí. Ẹni tí kò bá tíì lọ sí oko ẹnikẹ́ni, oko ta ni yóò ní kí wọ́n wá ṣe? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n mo rí i pé òótọ́ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà olórí àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú ọkọ́ tí mo yá lọ́wọ́ Ìyá.

Ebè iṣu ni wọ́n ń kọ. N kò rí ohun tó le tó bẹ́ẹ̀ rí. Ebè tiwọn rí roboto, ó dúró dáadáa. Tèmi fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Àwọn ọ̀rẹ́ olórí fi ọkọ́ sílẹ̀ láti wá wò ó. Wọ́n pe gbogbo ebè tó bá wọ́ láti ọjọ́ náà ní ebè Àjàṣẹ́, orúkọ náà sì tàn kálẹ̀ oko. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Ẹ̀yìn mi kò ṣeé tẹ̀, nígbà tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ tán, kò ṣeé nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí iyán dé pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́, tí wọ́n pè mí síbi àwo kan náà, mo jẹ débi pé wọ́n tún ní láti fi mí rẹ́rìn-ín. Oko kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èdè wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ta ni, àwọn ọmọdé sì ń pè mí ní “ùwọ”, ìwọ láìsí ẹ̀yin ọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá wọn, n kò sì kà á sí àfojúdi mọ́. Kò sí oko tí mo kúrò níbẹ̀ tí wọn ò fún mi ní iṣu mú relé. Ìyá ń tò ó sí ìdí ògiri.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni olórí sọ fún mi pé ọ̀la ló kàn mí.

Wọ́n wá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn bàbá tí mo kọ ebè wíwọ́ fún náà wá. A mọ ògiri títí, a fi í sílẹ̀ kó gbẹ, mo tún lọ sí oko wọn, wọ́n tún padà wá, ògiri sì ga kọjá orí mi. Ní ọjọ́ tí a máa kan páànù, afẹ́fẹ́ dìde láti òwúrọ̀, ojú ọ̀run dúdú. Káfíńtà wà lókè pẹ̀lú àwọn mìíràn, àwa tó kù ń na páànù sí wọn. Odó ń dún lẹ́yìnkùlé Ìyá, ó ju ẹyọ kan lọ, iṣu tó tò sí ìdí ògiri ni wọ́n ń gún. Ààrá sán. Ẹnì kan ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, káfíńtà ní òun kò sọ̀. Mo ń wo ògiri náà, mo sì ń rí i bí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ yóò ṣe kọ́kọ́ yọ́.

Ìṣó tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni òjò dé. Gbogbo wa sáré wọ inú ilé, ọkùnrin, obìnrin, abọ́ iyán, odó, àti ewúrẹ́ ẹnì kan. Ariwo òjò lórí páànù pọ̀ débi pé ẹnu ni mo ń rí tí wọ́n ń là, n kò gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ. Ògiri dúró. Omi kan kò wọlé. Tíṣà gbé ọwọ́ lé ògiri bí ẹni ń yẹ ara ọmọ wò bóyá ó gbóná, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún.

Èmi náà ń retí ohun kan, kí n má purọ́. Ọkọ̀ tí yóò gbé mi gba Arámọkọ padà sílé máa kọjá ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ti parí. Mo ti ń to èsì ọpẹ́ lẹ́nu sílẹ̀, pé kò tó ọpẹ́, pé àwọn gan-an ló ṣe é. Nígbà tí òjò rọlẹ̀, olórí àwọn ọ̀dọ́ wá jókòó tì mí, ó nu ọwọ́, ó wo ìta.

“Ulẹ̀ ti rọ̀,” ó ní. “Oko bàbá mi ló kàn lọ́la. Ùwọ tètè wá.”

Ó dìde, ó lọ bu iyán sí i. Mo wò yíká bóyá ẹlòmíràn tún ní ohun tó fẹ́ sọ fún mi, kò sí. Wọ́n ń jẹun. Ayọ̀ kan gbà mí lọ́kàn tí n kò rí irú rẹ̀ rí, mo sì lọ béèrè lọ́wọ́ Ìyá bóyá ọkọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ọkọ̀ Arámọkọ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú oko.