Pósítà Tí Agéwèé Kọ̀ Láti Gé

Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta àdúgbò wa tó di olórin ńlá túká, tí kálukú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo tirẹ̀ jáde, mo búra pé n kò ní gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi le ju ọkàn mi lọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo mú ìbúra náà ṣẹ dáadáa. Bí rédíò bá gbé e sáfẹ́fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa, màá pa rédíò. Bí kọ́sítọ́mà bá ń gbọ́ ọ lórí fóònù rẹ̀, màá ní kó jọ̀ọ́ dín in kù, pé a ń ka ìwé lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń kàwé níbẹ̀. Ìwé là ń tẹ̀, ariwo ẹ̀rọ wa sì ju orin ẹnikẹ́ni lọ.

Ní Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, láàárín àwọn atẹ̀wé bíi tiwa. Bàbá wa ló fi í sílẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi obìnrin. Àbúrò mi ló ń ya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, èmi ni mò ń dúró ti ẹ̀rọ, èmi náà ni mo sì ń bá àwọn kọ́sítọ́mà jà. Ó pọn dandan kí ẹnì kan máa bá wọn jà. Àbúrò mi kò lè ṣe é, ojú máa ń tì í láti sọ fún ènìyàn pé àwọ̀ tó mú wá kò dára.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn mẹ́ta yẹn jẹ́ fún wa. Bàrígà ni wọ́n bí wa sí, ilé tó kọjú sí tiwa ni wọ́n sì ti ń kọ́ orin kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan ni aṣáájú, òun ló ń lé orin, ohùn rẹ̀ há bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Èkejì ni elégbè, tí ohùn tirẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá àgbà tó ru omi máa ń dúró kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta ló ń ṣe ìlù lórí kọ̀ǹpútà, kì í sì í sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá kí i, á rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú orin wọn ni pé aṣáájú kì í parí ọ̀rọ̀. Á sọ ọ́ dé ìdajì, á dákẹ́, elégbè á sì bá a parí rẹ̀. Bí èmi àti àbúrò mi ṣe ń kọ ọ́ nílé náà nìyẹn. Òun ló ń lé, èmi ni mò ń gbè é. À ń fọ aṣọ, à ń kọ ọ́. À ń ṣa ẹ̀wà, à ń kọ ọ́. Títí ìyá wa á fi pariwo láti inú yàrá. Bí ó bá ti bínú tán, Ìjẹ̀bú ló máa ń sọ, bó bá sì ti sọ Ìjẹ̀bú, a mọ̀ pé ó yẹ ká sinmi díẹ̀. Nígbà tí orin náà wá dé orí rédíò tí gbogbo Èkó ń kọ ọ́, ńṣe làwa ọmọ Bàrígà ń rìn bí ẹni pé àwa la kọ ọ́.

Ìgbà tí wọ́n túká, ìyá wa ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Mo ní wọn ò pé ogún, mẹ́ta péré ni wọ́n. Ó wò mí, ó ní kí n lọ gbé omi kaná.

Àbúrò mi gbọ́ gbogbo àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sì ń ròyìn wọn fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè. Ó ní nínú àwo aṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ló lé orin, òun fúnra rẹ̀ náà ló gbè é, wọ́n kàn gba ohùn rẹ̀ lé ohùn rẹ̀ ni. Mo ní ìyẹn jọ ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ tó tún ń dá ara rẹ̀ lóhùn pé ta nìyẹn. Àwo elégbè, orin ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀, àfi ẹyọ kan tó kọ fún ìyá rẹ̀. Ti ẹ̀kẹta ló pa mí lẹ́rìn-ín: ìlù lásán ni, kò sí ohùn ènìyàn kankan níbẹ̀. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n, kò kúkú sọ̀rọ̀ nínú àwo tirẹ̀ náà. Èyí ni àbúrò mi fẹ́ràn jù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, iná lọ, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Àbúrò mi jókòó tì mí, ó ní, "Àǹtí mi, mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Fádèyí. Mo fẹ́ máa dá ṣe tèmi. Iṣẹ́ orí aṣọ, orí kọ́ọ̀bù, àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Bí n kò bá ṣe ẹ́ ní nǹkan kan, kí lo wá ń lọ fún? Igi kan kì í dá igbó ṣe."

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Àǹtí mi."

Iná dé, mo dìde lọ sídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe ìbínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ni gbogbo ènìyàn rí lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò tíì ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan láìsí òun nítòsí. Mo rò pé bó bá ti kúrò báyìí, a ó di irú ọmọ ìyá tí wọ́n ń rí ara wọn níbi ìsìnkú nìkan. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló kù láàárín wa. Ṣé ó ti tán? Ó ti tán. Mo sì ń gbógun ti àwo àwọn olórin yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àárín ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ méjì wọlé. Aṣáájú fẹ́ wá kọ orin àwo rẹ̀ fún àwọn ará ilé, ó rán ènìyàn wá tẹ pósítà. Kò pẹ́ tí ènìyàn elégbè náà fi dé, ohun kan náà ni wọ́n fẹ́, ọjọ́ eré tiwọn ló yàtọ̀. Kò sí èyí tó mọ̀ nípa èkejì. Èmi kò sì sọ fún wọn.

Ní Ṣómólú, a kì í fi ààyè ṣòfò lórí ìwé. Bí iṣẹ́ méjì bá jọ dé tí ìwọ̀n wọn sì dọ́gba, a máa tò wọ́n pọ̀ sórí pléètì ìtẹ̀wé kan, a ó jọ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé ńlá kan náà, lẹ́yìn èyí ni agéwèé á wá fi ọ̀bẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Kọ́sítọ́mà kì í mọ ẹni tí òun bá sùn lórí ìwé. Bí Bàbá wa ṣe kọ́ wa ni pé orí ọ̀kan ni ká kọ sí ẹsẹ̀ èkejì, kí agéwèé lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Agéwèé tiwa, ará Ọ̀yọ́ kan tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó ń lẹ pósítà ti ń wá kó ẹrù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo gbé iṣẹ́ méjèèjì lọ nígbà tí mo tẹ̀ wọ́n tán, láìfara balẹ̀ wo bí àbúrò mi ṣe tò wọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń bọ̀ láti Bàrígà, mo bá àwọn ènìyàn tí wọ́n ti yí ògiri kan ká. Mo yọjú. Aṣáájú àti elégbè ni mo rí, èjìká sí èjìká lórí ìwé kan, ojú ọ̀kan kọ sí ti èkejì bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì kan gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Wọ́n ti parí ẹ̀ o." Ọlọ́kadà kan gbé ọ̀kadà dúró, ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò ògiri náà, ó ní, "My guys don come back. Olúwa ṣeun."

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín: inú mi dùn. Mo dúró níbẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Ìgbà tó yá ni mo rí àwọn ìlà kéékèèké tí a fi ń júwe ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà, lókè àti nísàlẹ̀, láàárín àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tiwa ni. Wọn ò gé e.

Fóònù mi dún, ìyá wa ni. Ó ní òun wà ní Ìlàjẹ níbi tí òun ti ń ra ẹja, pé àwọn ẹlẹ́ja ń jó, kí n tètè sọ fún àbúrò mi. Mo gba ọ̀dọ̀ agéwèé lọ tààrà.

Mo ní, "Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ò gé iṣẹ́ tí mo gbé fún yín?"

Ó ní, "Gé kẹ̀? Madam, mo gbé e sábẹ́ ọ̀bẹ o. Mo wá rí i pé wọ́n ti parí ìjà. Mo ní, ta lèmi tí màá fi ọ̀bẹ là wọ́n láàárín? Mo kúkú gbàdúrà sí i kí wọ́n tó wá kó o."

"Ọjọ́ eré méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí ẹ̀, Bọ̀dá."

"Mo rò pé eré ọjọ́ méjì ni. Ìjà tó pẹ́ tó yẹn, ṣé ọjọ́ kan á tó láti fi yọ̀?"

Ìbínú àti ẹ̀rín jọ gbé mi. N kò mọ èyí tí màá jẹ́ kó jáde. Ó wò mí lójú, ó rọra béèrè pé, "Àbí wọn ò tíì parí ẹ̀ ni?" Mo ní wọn ò tíì parí ẹ̀. Àgbàlagbà náà jókòó lórí ìdì ìwé. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo wá bá a jà.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo bá àbúrò mi nídìí kọ̀ǹpútà. Ó ti gbọ́. Mo ní, "Orí sí ẹsẹ̀ la máa ń tò ó. Kí ló dé tí o fi tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn?"

Kò wò mí. Ó ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n máa gé e. Mo kàn fẹ́ rí wọn pọ̀ lórí ìwé kan ni, Àǹtí mi, kí wọ́n tó gé wọn." Ó wá ń sunkún. "Ẹ rò pé kò dùn mí ni? Gbogbo ìgbà tí mo bá ń gbọ́ àwo aṣáájú yẹn, tó bá ti dé ibi ègbè, ohùn yín ni mo máa ń retí. Mo fẹ́ ṣe tèmi, n ò sọ pé mi ò fẹ́ yín."

Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tó yá, ó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kan ní etí rẹ̀, ó fi sí tèmi. Àwo aṣáájú ni. Ohùn híha yẹn sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì, ó dákẹ́, ohùn híha kan náà sì dáhùn. Mo fẹ́ kó burú. Kò burú. Ó dùn, ó dùn mọ́ mi nínú, n kò sì lè purọ́ fún un.

A tún pósítà méjèèjì tẹ̀, ó di ti kálukú. Àwọn tó wà lára ògiri, kò sẹ́ni tó ya wọ́n, òjò ló ń ṣí wọn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn aṣáájú padà wá, ó ní ọ̀gá òun fẹ́ ẹyọ kan nínú èyí tí a kò gé. Ní ìrọ̀lẹ́, ti elégbè náà dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fún àwọn méjèèjì, n kò bá wọn jà rárá. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn olórin náà kò tíì jọ kọrin.

Kí àbúrò mi tó ṣí ṣọ́ọ̀bù Fádèyí, ó ní ká tẹ ìwé ìpolówó pélébé fún òun. Mo ní èmi náà nílò tèmi, kó tò wọ́n pọ̀. Ó fẹ́ kọ orí tèmi sí ẹsẹ̀ tirẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Mo ní rárá, kó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Èmi fúnra mi ni mo gbé ẹrù náà lọ bá agéwèé. Mo kọ́kọ́ yọ ẹyọ kan, mo ká a, mo fi há abẹ́ apá. Ó gbé ìyókù sábẹ́ ọ̀bẹ, ó wo orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa méjèèjì, ó sì ká ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ.

"Madam," ó ní, "ẹ wá wí kí n gbọ́ o. Èyí ńkọ́? Ṣé ìjà ti parí ni?"

"Kò sí ìjà níbẹ̀, Bọ̀dá," mo ní. "Ẹ máa gé e."