Pákó Èbúté Ìyá Mi

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ fi etí mi gbọ́ mọ́ títí màá fi kú: mánéèjì. Ẹni tó bá ń wá ìjà mi, kó sọ ọ́. Òun ni wọ́n fi ń ta igi jíjẹrà fún wa, òun ni wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n fi ti ìyá mi mọ́lé.

Ìkángun Ayọ̀bọ̀ ni ìyá mi ń gbé, níbi tí ilé ti ń wọ inú àbàtà lọ. Èèyàn lè gba ọ̀nà títì débẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìnnà, kòtò sì ti jẹ ẹ́ tán. Ọkọ̀ ojú omi ló yá. Lódìkejì odò, níbi tí mọ́ṣáláṣí wọn wà, òkúta wà tí èèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Lápá ọ̀dọ̀ wa, ẹrẹ̀ ni, èyí tó ń gbé bàtà mì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ náà á bẹ́ sínú ẹrẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ gun ẹ̀yìn mi," á sì pọn ìyá mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú ara mi rí i. Wọ́n ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Ìborùn wọn ti yọ́ bọ́ sí èjìká, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ń mì dirodiro, àwọn tó kù nínú ọkọ̀ sì ń wo ibòmíràn kí ojú má bàa ti ìyá mi. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Ara mi gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọmọkùnrin náà, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ìyá mi ló dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ẹ́? Orúnkún mi ò gbé ẹrẹ̀ mọ́. Jẹ́ kí n máa mánéèjì ẹ̀."

Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀! Obìnrin tó máa ń dá aṣọ padà fún télọ̀ nítorí pé ojú rírán kan wọ́! Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́. Wọ́n ní ilé làwọn á ti máa kírun, pé Ọlọ́run wà níbi gbogbo. Ó yé mi. Wọ́n lè fara da ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò lè fara dà á kí ọmọ tiwọn máa wò ó. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n ti ká aṣọ Jímọ̀ wọn sísàlẹ̀ àpótí, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Màá ri òpó mọ́ inú ẹrẹ̀ yẹn, màá sì tẹ́ pákó lé e títí dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí.

Alága àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò náà, bàbá arúgbó kan, gbọ́ sí i, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi Màmá sílẹ̀ jàre. Ṣebí òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu."

Mo ní, "Bàbá, ọmú ọmọ ẹ̀ ni wọ́n wí. Wọn ò wí ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ."

Wọn ò sì bá mi dá sí i títí a fi parí.

Ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tí mò ń wá. Pákó ni bàbá mi tà ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí wọ́n fi kú, láàárín ìtí igi ni mo ti kọ́ ìrìn. Mo lọ sí ìsọ̀ pákó kan ní Ìkòtún, mo ní ìrókò ni mo fẹ́, nítorí pé inú omi ló máa dúró sí. Onípákó náà wò mí tòkètilẹ̀.

"Mọ́mì, ọkọ yín ńkọ́? Ẹ ò ṣe jẹ́ kí wọ́n wá mú un fúnra wọn?"

"Ṣé ọkọ mi ló fẹ́ lọ dúró sínú omi ni?"

Àwọn tó ń ru igi bú sẹ́rìn-ín. Kò dùn mọ́ ọn. Ó nàka sí àwọn pákó dúdú kan tó ń dán, ó ní ìrókò rèé, orígínà. Mo gbé imú sún mọ́ ọn: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá mi nínú báàgì, mo fi ha á. Inú rẹ̀ funfun bí iṣu. Àràbà ni! Igi tí kò ní lo ẹ̀ẹ̀rùn kan òjò kan tó fi máa rà, ni wọ́n fi ọ́ìlì dúdú kùn tí wọ́n ń pè ní ìrókò. Ká ní mi ò mọ igi ńkọ́? Abẹ́ ìyá mi ni ì bá dá sí.

Mo pariwo. Gbogbo ìsọ̀ gbọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin náà fi dá mi lóhùn? "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Gbogbo èèyàn ló ń fi mánéèjì."

Ìṣẹ̀rí-Olófin ni mo ti padà rí ìrókò gidi. Ó wúwo débi pé àwọn tó gbé e sínú ọkọ̀ ń ṣépè fún mi lábẹ́lẹ̀. Inú mi dùn sí èpè yẹn.

Ó wá ku bóòtì àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n máa fi de pákó mọ́ òpó. Ìṣó lásán á dípẹtà nínú omi, nítorí náà bóòtì tí wọ́n rì sínú síǹkì yíyọ́ ni mò ń wá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní "funfun." Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n fi mú mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní funfun, ẹni tó ń tà á sì kó funfun fún mi, ó ń kọ mọ̀nà. Mo ti sanwó tán kí n tó rántí kọ́kọ́rọ́ mi. Mo ha á báyìí, ọ̀dà ṣí kúrò, irin dúdú yọjú.

"Ṣebí funfun lẹ ní?" Bó ṣe wí nìyẹn, tojú tìyẹ́. Ojú ò tì í! Kò kúkú purọ́. Àwọ̀ ni mo béèrè, àwọ̀ ló sì tà fún mi. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mò ń sọ fún gbogbo oníbàárà tó bá ń bọ̀ pé kó mú kọ́kọ́rọ́ dání, títí ó fi lọ yọ ojúlówó wá láti ẹ̀yìn.

Káfíńtà tí mo gbé iṣẹ́ fún náà tún fẹ́ dán tirẹ̀ wò. "Mọ́mì, bóòtì kẹ̀? Fún ibi tí èèyàn kàn máa tẹ̀ kọjá? Ẹ jẹ́ ká fi ìṣó má..." Mo wò ó. Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Orí ìtí igi ni mo jókòó sí, mo gbé àpò bóòtì lé itan, mò ń nà án sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lu ihò. Ìyá Bóòtì ni wọ́n ń pè mí létí odò yẹn dòní. Mo ń jẹ́ ẹ.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọlé tọ ìyá mi lọ, mo ní kí wọ́n múra. Wọ́n wò mí pẹ́.

"Ṣé ó lè gbé mi?"

"Màámi, ìrókò ni."

Wọ́n lọ yọ aṣọ Jímọ̀ wọn nísàlẹ̀ àpótí.

Nígbà tí a dé etí odò, èèyàn ti jókòó sínú ọkọ̀. Bí ọmọkùnrin náà ti rí wọn, ó ṣe bó ti máa ń ṣe: ó bẹ́ sínú ẹrẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó. Wọ́n dúró, wọ́n fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń yẹ ojú rírán wò. Kò mì. Wọ́n gbé èkejì. Wọ́n rìn dé orí omi, wọ́n di òpó mú, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ fúnra wọn. Wọ́n tún ìborùn ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bojú wo ọmọkùnrin náà, tó ṣì bẹ̀rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Dìde jàre, ọkọ mi. Kí lo ń wá níbẹ̀? Ìyá tó bí mi ló pọ̀n mí kẹ́yìn."

Ọmọkùnrin náà wò mí. Mo wo àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó já ìyá mi nírọ́.