Gáàsì Tó Ń Bọ́ Lọ ní Kakuri

Ilé-iṣẹ́ ọtí bíà kan ní Kakuri, ní ìlú Kaduna, ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tí mo parí yunifásítì. Èmi nìkan ni obìnrin ní ẹ̀ka gáàsì. Bí bíà bá ń hó nínú àgbá ńlá, ó máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde, irú èyí tí àwa èèyàn ń mí síta. Iṣẹ́ tiwa ni láti gbà á kó tó sá lọ. A óò fi omi wẹ̀ ẹ́, a óò gbà á kọjá nínú èédú kí òórùn ọtí lè kúrò lára rẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan yóò sì fi agídí tì í wọ inú sílíńdà. Àwọn tó ń ṣe ẹlẹ́rìndòdò ló ń rà á. Òun ló ń jẹ́ kí ẹlẹ́rìndòdò máa ta èèyàn nímú.

Bàbá kan wà lára wọn, ará Kabba, tó ń ṣe ẹlẹ́rìndòdò ọsàn nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Barnawa. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Ọjọ́ tó gbọ́ pé Kabba ni wọ́n ti bí ìyá mi ló ti ń pè mí lọ́mọ. Kò fẹnu kan bíà rí láyé rẹ̀, ó sì máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni Ọlọ́run fi ń bọ́ òun.

Lọ́dún tí ìjọba ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọjà òkè òkun, ẹ̀rọ wa dákẹ́. Ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ni irú rẹ̀ wà, láísẹ́ǹsì tí a ó fi kó o wọlé kò sì jáde. Ọ̀gá mi lọ sí Èkó, ó padà lọ́wọ́ òfo. Bíà kò dúró dè wá. A ṣí páìpù sókè òrùlé, gáàsì ń bọ́ lọ ṣììì látàárọ̀ dalẹ́.

Bàbá ń wá láràárọ̀. Á jókòó sórí sílíńdà rẹ̀ tó ṣófo, á tẹ́ etí sílẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe òun ni mò ń gbọ́ yẹn?”

“Òun ni, sà.”

“Ẹ sì ní kò sí?”

“Ó wà, Bàbá. Ohun tí a ó fi mú un ni kò sí.”

Mo fẹ́ tù ú nínú. Mo ní ìwé wa ní yunifásítì sọ pé wọ́n lè po gáàsì yìí mọ́ òmíràn nínú ooru líle, kó di epo tí ọkọ̀ ń jó.

“Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é?”

“Inú ìwé ni mo ti kà á, sà.”

Ó mi orí. “Ti ọsàn tèmi yìí ni kí Ọlọ́run kọ́kọ́ gbọ́.”

Ní Sátidé kan, ó kó túùbù táyà ọkọ̀ ńlá dé, pé kí a jẹ́ kí òun fi gba gáàsì tó ń bọ́ lọ. Àánú rẹ̀ ṣe ọ̀gá mi, ó gbà fún un. Mo sọ fún Bàbá pé gáàsì yẹn kò tíì kọjá nínú èédú, pé ọtí ń rùn lára rẹ̀.

“Ọsàn á bò ó mọ́lẹ̀.”

Túùbù ń wú díẹ̀díẹ̀, ojú Bàbá sì ń dán bí ojú ọkọ ìyàwó. 

Kò pẹ́ tó fi wá pè mí pé kí n wá jẹ́rìí òun. Àwọn igò ẹlẹ́rìndòdò tó fi gáàsì náà ṣe ti délé oníbàárà rẹ̀, Hausa kan tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ọkùnrin náà ti ṣí ọ̀kan, ó gbé e símú, ó sì pariwo: “Haba Baba, wannan giya ce!” Ó ní ọtí ni. Nígbà tí a débẹ̀, mo fi Hausa mi tó ń kọsẹ̀ ṣàlàyé pé òórùn lásán ni. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán.

Ó ní, “Níbo ni gáàsì náà ti wá?”

Mo sọ òtítọ́ fún un.

“To,” ló sọ, pé ó dáa. Ó rọra kó àwọn igò náà jáde, ó ní kí Bàbá má bínú. Ì bá bú wa, ì bá sàn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn igò náà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo oníbàárà rẹ̀ ti gbọ́, wọn kò sì rà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí irin tí à ń retí dé láti òkè òkun, Bàbá ti kó lọ sí Kabba. Ẹ̀rọ wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì tò sẹ́nu géètì.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo lọ kí i nígbà Kérésìmesì. Ó fún mi níṣu, ó béèrè ọkọ mi àtàwọn ọmọ. A ò dárúkọ Kaduna.