Apá Mi Ni Wọ́n Ń Wọ̀n

Láràárọ̀, kí n tó gbé omi tíì kaná, ọkọ mi á pè mí sí pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè. "Ìyàwó mi, mú apá wá." Á wé aṣọ ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá òsì mi, á tẹ̀ ẹ́, á sì máa fọwọ́ pa mí léjìká títí ẹ̀rọ náà á fi tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló ni ẹ̀rọ náà. Ilé ìwòsàn kan ní Yábàá ló gbé e fún un nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá ti wọn ara rẹ̀ tán, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà bá rí á gba orí fóònù lọ bá nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, kò ní í lọ tò sórí ìlà mọ́. Ó ní òun ti wọn tòun kí n tó jí, pé ara tèmi lòun fẹ́ mọ̀. Inú mi a máa dùn. Mo ròyìn ọkọ mi fún àwọn obìnrin ìjọ wa títí ó fi sú wọn.

Àfi bó ṣe ṣubú ní balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà tó gbà wá ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Mo ní irọ́ ni. Mo pe nọ́ọ̀sì Yábàá lójú ẹsẹ̀ kó wá jẹ́rìí sí i.

"Nọ́ńbà Dádì dáa gan-an o, mà," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ò wọlé, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó kọjá. Wọ́n ní bátìrì ló kú. Nígbà tó padà wọlé ó ga díẹ̀, mo tiẹ̀ bi wọ́n bóyá nǹkan ń dùn wọ́n."

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo lọ sin ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bátìrì kankan ò kú, apá mi ni ò sí nílé. Mo sunkún wálé, ó sì fi ẹkún mi ránṣẹ́ sí Yábàá bíi tirẹ̀.

Tísà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ọmọ tó jíwèé wò ní kíláàsì mi tí mi ò mú. Àgbàlagbà wá ń wo tèmi kọ lójú mi kòrókòró, mo tún ń rẹ́rìn-ín sí i!

Nígbà tí ẹnu rẹ̀ tún lè sọ̀rọ̀, mo bi í léèrè ìdí.

"Wọ́n ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ń pa nǹkan ọkùnrin," ó ní. "Bí ilé ìwòsàn bá rí nọ́ńbà mi, wọ́n á tún fi kún un."

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí dráàfù ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì ti ń da oògùn náà nù tipẹ́. Àwọn àgbà ní aṣeni ń ṣe ara rẹ̀. Mo gbà, àmọ́ èmi ló kọ́kọ́ ṣe kó tó kan òun fúnra rẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń pa mí léjìká yẹn ló dùn mí jù.

Ó ti délé báyìí. Èmi ni mo ń wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ apá rẹ̀, mo sì ń dúró tì í títí tó fi máa gbé oògùn rẹ̀ mì. Lánàá, nígbà tí a ṣe tán, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ìyàwó mi, mú apá tìẹ náà wá."

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìfẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ká ẹ̀rọ náà, mo dìde láti lọ gbé omi tíì kaná.

"Ẹ fi sílẹ̀," mo ní. "Nọ́ọ̀sì ti rí tèmi tó."