Ààwẹ̀ Tí Ìyàwó Gbà

Ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, irun funfun sì ti ń yọ lẹ́bàá etí rẹ̀, síbẹ̀ Ìyàwó ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fà á. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, ìyá náà kò pè é ní nǹkan mìíràn, àwọn ará ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kódà ọkùnrin tó ń ta gáàsì, tí kò rí ọkọ rẹ̀ rí, “Ìyàwó, ẹ káàárọ̀” ló máa ń kí i.

Ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Kíká aṣọ ibùsùn ni iṣẹ́ tiwọn, òun àti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi. Wọ́n á di etí aṣọ mú níhà méjì, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, wọ́n á tún fà sẹ́yìn, títí aṣọ náà á fi kéré tó ohun tí wọ́n lè tò sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà òmíràn. Ooru ẹ̀rọ ìlọṣọ á máa fẹ́ lù wọ́n látàárọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí.

Ọkọ rẹ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà kan, ó jìn. Wọ́n ń la ọ̀nà, agbaṣẹ́ṣe kò sanwó fún wọn. Ó máa ń pè lórí fóònù, á ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ohùn rẹ̀ á sì dà bí ohùn ẹni tí sùúrù tirẹ̀ ti tán. Nítorí náà owó Ìyàwó nìkan ló kù tí wọ́n ń gbọ́kàn lé. Inú rẹ̀ ló ti ń san owó ilé, ó sì ń ra oògùn àtọ̀gbẹ tí Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ń lò. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún wọn tẹnu-tọwọ́ pé, “Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ lo oògùn yìí kẹ́ ẹ má jẹun o. Bẹ́ ẹ bá lò ó tí inú yín ṣófo, á dá yín dùbúlẹ̀. Bí ara yín bá ń gbọ̀n, ẹ tètè mu omi ṣúgà.”

Ẹ̀wà ló gba ilé náà dúró. Kí Ìyàwó tó jáde láàárọ̀ ló ti ń rẹ ẹ́ sómi. Tó bá dé, á gbé e kaná, á jẹ́ kó hó dáadáa, á pa iná, á wá fi aṣọ ìbora àtijọ́ wé ìkòkò náà kó lè máa jinná fúnra rẹ̀, torí gáàsì. Àlùbọ́sà kan, iyọ̀, òróró tí kò ju ìkán díẹ̀ lọ. Omi ẹ̀wà kò gbọdọ̀ dà nù. Ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì máa ń ta ìdí búrẹ́dì àti èyí tó jóná díẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ó máa ń fi ọ̀bẹ họ ibi tó jó, á sá a gbẹ, wọ́n á sì máa rẹ ẹ́ sínú omi ẹ̀wà. Bí ìrẹsì bá wà, èyí tó fọ́ wẹ́wẹ́ ni. Ẹyin ti di àlejò.

Màmá kì í ráhùn. “Ìyàwó, ọwọ́ rẹ dùn. Bó o bá se òkúta, màá bèèrè omi rẹ̀.” Á fi búrẹ́dì nu àwo mọ́ tónítóní.

Nígbà tó yá, ohun tó wà nínú ìkòkò kò tó ènìyàn méjì mọ́. Màmá kò sì lè jẹun lójú ẹni tí kò jẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé ṣíbí dání, ó ń wo Ìyàwó. “Tìrẹ dà?”

“Ẹ máa jẹ tiyín, Màmá. Mò ń gbààwẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nílé àwa onígbàgbọ́, a kì í bi ẹni tó ń gbààwẹ̀ pé kí ló dé tí kò jẹun. Màmá ní kí Ọlọ́run gbọ́, ó sì jẹun. Báyìí ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó di ti ọjọ́ kejì, ó di ti ọ̀sẹ̀ kejì. Ìdí búrẹ́dì kan ní ibi iṣẹ́ àti omi ni Ìyàwó fi ń gbé ara dúró.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, alàgbà ìjọ wa, tí Màmá ti sọ fún pé nítorí ọkọ rẹ̀ ló ṣe ń gbààwẹ̀, ní kó dìde dúró. “Ẹ wo arábìnrin yìí! Ara ń jò, ẹ̀mí ń sanra!” Gbogbo ìjọ ké Halelúyà. Ẹni tó bá jókòó tì í á gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń kùn, ṣùgbọ́n Halelúyà bò ó mọ́lẹ̀. A máa ń sọ pé màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a léṣinṣin. Mo gbà á gbọ́. Mo sì ti rí màlúù tí kò nírù rí, tí eṣinṣin bo ojú rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò tíì mọ ibi tí mo lè fi ìyẹn sí.

Bí wọ́n ṣe délé, Màmá kò tíì tú gèlè tó fi sọ̀rọ̀.

“Ojú tì mí lónìí, Ìyàwó. Ìwọ ń gbààwẹ̀ fún ọmọ mi, èmi tí mo bí i ń nu àwo. Láti ọ̀la, a jọ ń gbà á ni.”

“Háà, Màmá! Àgbàlagbà kì í gbà á.”

“Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí mò ń gbààwẹ̀, bàbá tó bí ẹ ò tíì hu irùngbọ̀n.”

“Oògùn yín ńkọ́?”

“Màá fi omi gbé e mì. Ọlọ́run tó ni ààwẹ̀ ló ni ara.”

Ìyàwó gbà pé tílẹ̀ bá mọ́, ebi á yí ìyá náà lọ́kàn padà. Kó tó jáde lọ́jọ́ Ajé, ó bu ẹ̀wà tó kù sáwo, ó fi ọmọrí dé e, ó gbé e síwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, etí aṣọ kò bára mu lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

“Ìyá Ààwẹ̀,” ni Ẹnu-ò-sinmi wí, “ká tún un ká. Bó o bá máa gòkè re ọ̀run, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ fi aṣọ òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ fún wọn.”

Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. “Tí kò bá sí oúnjẹ nílẹ̀, ṣé Ọlọ́run á kà á sí ààwẹ̀?”

“Bí oúnjẹ bá wà tó ò jẹ, ààwẹ̀ ni. Bí kò bá sí, ebi ni. Má fi í joyè.”

Nígbà náà ló sọ ti Màmá fún un. Ẹnu-ò-sinmi ju aṣọ sílẹ̀. “Pẹ̀lú oògùn yẹn? Tú épírọ́ọ̀nù! Máa lọ! Bí ọ̀gá bá bi mí, màá ní inú ń run ẹ́. Kì í kúkú ṣe irọ́.”

Nígbà tó délé, àwo náà wà bó ṣe gbé e kalẹ̀, ọmọrí rẹ̀ kò yí. Màmá jókòó sórí àga, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n lórí itan.

“Má bẹ̀rù,” ló wí, ahọ́n rẹ̀ wúwo. “Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń mì mí.”

“Màmá, ebi ni. Ẹ jẹun.”

“Ṣé o ti jẹ tìrẹ?”

Ìyàwó bu ìwọ̀nba ṣúgà tó kù sínú omi, ó gbé ife náà sí i lẹ́nu. Màmá yí ojú kúrò. “Mo ti ṣèlérí.”

Ìyàwó wá kúnlẹ̀. “Màmá, mi ò gba ààwẹ̀ kankan. Oúnjẹ ni ò tó wa. Irọ́ ni mo pa.”

Ìyá náà yí ojú padà sí i. “O wá fi orúkọ Ọlọ́run dé ìkòkò,” ló wí. Ó la ẹnu, ó mu omi ṣúgà náà tán.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó ní kí Ìyàwó mú ṣíbí mìíràn wá. Ó fi ìdí ṣíbí tirẹ̀ fa ìlà sí àárín ẹ̀wà. “Apá tìrẹ nìyí.”

“Èyí tó kù nílé nìyẹn, Màmá. Mi ò mọ ohun tá a máa jẹ lọ́la.”

“Èmi náà ò mọ̀. Gbàdúrà sí i ká jẹ ẹ́.”

Ìyàwó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀. “Mi ò lè gbà á lónìí, ẹ jọ̀ọ́.”

Màmá, tí kì í mu omi lásán láìdúpẹ́, kò gbàdúrà náà fún un. “Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀,” ló wí. Ó dúró dìgbà tí Ìyàwó gbé ẹ̀kún ṣíbí àkọ́kọ́ mì kí òun náà tó fọwọ́ kàn án.

“Lọ́jọ́ Ìsinmi, ta ló máa sọ fún alàgbà, èmi àbí ìwọ?”

“Èmi ni.”

“Ó dáa. Jẹun, ó ti tutù.”